Káàdì tó ń sọ̀rọ̀ bí àrokò: bí mo ṣe ń fọwọ́ gbẹ́ òǹtẹ̀ tí mo fi ń ṣe káàdì ọdún

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin èèyàn mi. Àtìgbà Ìléyá làwọn kan ti ń bi mí pé ibo ni mo ti tẹ káàdì tí mo fún àwọn kọ́sítọ́mà mi, èyí tó ní owó ẹyọ mẹ́fà níwájú, wọ́n rò pé ilé ìtẹ̀wé ni mo gbé e lọ. Kò síbì kankan tí mo gbé e lọ o, ọwọ́ mi yìí ni, nínú ṣọ́ọ̀bù tí mo ti ń ránṣọ n'Íjẹ̀bú-Òde níbí, orí tábìlì tí mo fi ń géṣọ náà ni mo ti ṣe gbogbo ẹ̀. Mo ti ṣèlérí pé màá kọ ọ́ sílẹ̀, òun ni mo fẹ́ ṣe báyìí, ó máa gùn díẹ̀ torí mo fẹ́ kí ẹni tí ò gbẹ́ nǹkan kan rí láyé ẹ̀ náà lè ṣe é.

Kí n kọ́kọ́ sọ ìdí tó fi jẹ́ owó ẹyọ. Àwọn baba ńlá wa n'Íjẹ̀bú, àrokò ni wọ́n fi ń ránṣẹ́ síra wọn, wọ́n á so owó ẹyọ mọ́ okùn, wọ́n á fi rán èèyàn, ẹni tó bá gbà á máa ka iye ẹ̀, á wo bí wọ́n ṣe kọjú ẹ̀, ọ̀rọ̀ ti yé e nìyẹn. Ẹyọ mẹ́fà, ẹ̀fà, ìyẹn ni pé ọkàn mi fà sọ́dọ̀ ẹ. Mẹ́jọ, ẹ̀jọ, ìyẹn ni pé èmi pẹ̀lú ẹ jọra, ọ̀rọ̀ wa bára mu. Méjì tó kọjú síra, ìfẹ́ ni. Méjì tó kẹ̀yìn síra, ọ̀rẹ́ ti bàjẹ́ nìyẹn. Káàdì Kérésì àkọ́kọ́ táwọn òyìnbó tẹ̀ tà, Lọ́ńdọ̀nù ló ti jáde ní 1843, Henry Cole ló ní kí wọ́n ṣe é torí lẹ́tà tó fẹ́ kọ fáwọn èèyàn ẹ̀ ti pọ̀ ju ọwọ́ ẹ̀ lọ, John Callcott Horsley ló ya àwòrán ẹ̀, ṣílè kan ni wọ́n ń ta ọ̀kan. Iṣẹ́ gidi ni wọ́n ṣe. Ṣùgbọ́n àwa náà ti ní tiwa nílẹ̀, ohun tó sì dùn mọ́ mi jù nínú iṣẹ́ yìí ni pé èèyàn lè gba káàdì lọ́wọ́ mi, kó ti mọ ohun tí mo ń sọ kó tó ṣí i kà.

Ó yá, ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ látorí pépà. Pépà fọ́tòkọ́pì, èyí tó jẹ́ 80 gsm (gsm ni wọ́n fi ń sọ bí pépà ṣe wúwo sí), ò lè dúró, tẹ́ ẹ bá gbé e kalẹ̀ lórí tábìlì ó máa dọ̀bálẹ̀ ni. Ẹ wá èyí tó ki, 200 gsm sókè, 250 ló bá mi lọ́wọ́ mu jù, tó bá ti ń lọ sí 300 ó máa ń ya fín-ín-fín níbi tẹ́ ẹ bá ti ká a. Kó jẹ́ funfun tàbí àwọ̀ ẹyin, kó má sì jẹ́ èyí tó ń dán, torí yíǹkì kì í wọnú pépà tó ń dán, òkè ẹ̀ ló máa jókòó sí. Mi ò kì í ra odindi páálí. Àwọn tó ń tẹ̀wé n'Íjẹ̀bú-Òde níbí ni mo máa ń lọ bá, káàdì tí ẹ̀rọ gé kù wà nílẹ̀ lọ́dọ̀ wọn jáǹtìrẹrẹ, ẹni tó wà ní Ṣàgámù tàbí Ìpẹru náà lè ṣe bẹ́ẹ̀, ẹni tó bá dẹ̀ fẹ́ pọ̀, tó ń lọ Èkó, kó yà ní Ṣómólú.

Òǹtẹ̀ wá ńkọ́? Klínà ni o, klínà funfun táwọn ọmọ iléèwé fi ń pa pẹ́ńsù rẹ́. Èyí tó rọ̀ tó sì tẹ́jú pẹrẹsẹ ni kẹ́ ẹ rà, ẹ fi èékánná tẹ̀ ẹ́ wò, tó bá ń rún bí gàrí, ẹ dá a padà. Ẹ ra méjì mẹ́ta torí ẹ máa ba àkọ́kọ́ jẹ́, kò sí bí ò ṣe ní ṣẹlẹ̀. Lẹ́yìn ìyẹn, abẹ tuntun, pẹ́ńsù tó rọ̀, 2B tàbí 4B, páàdì yíǹkì táwọn ọ́fíìsì ń lò, rúlà, gọ́ọ̀mù funfun, àti bíró kan tí yíǹkì ẹ̀ ti tán pátápátá, ẹ má sọ ọ́ nù, ẹ máa rí iṣẹ́ tó fẹ́ ṣe.

Gbígbẹ́ ẹ̀ wá ni mo fẹ́ kẹ́ ẹ fara balẹ̀ kà. Ẹ ya owó ẹyọ sórí pépà fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, kò le rárá, ẹ ya nǹkan bí ẹyin tó gùn díẹ̀, ẹ fa ilà kan gba àárín ẹ̀ látòkè délẹ̀, ẹ wá fi eyín kéékèèké sí ẹ̀gbẹ́ ilà yẹn lọ́tùn-ún lósì. Ẹ fi pẹ́ńsù kùn ún kó dúdú dáadáa. Ẹ da pépà yẹn dojú dé orí klínà, ẹ dì í mú kó má yẹ̀, ẹ fi ẹ̀yìn ṣíbí ra á lọ ra á bọ̀. Tẹ́ ẹ bá ṣí i, ẹ máa rí i pé àwòrán yẹn ti wà lára klínà, ó sì ti yí sódì. Bó ṣe yẹ kó rí nìyẹn, torí tẹ́ ẹ bá lù ú sórí káàdì ó tún máa yí padà sí bẹ́ ẹ ṣe yà á. Ẹni tó bá yà á tààrà sára klínà láìgba orí pépà, tí owó ẹyọ bá ni kò ní fi bẹ́ẹ̀ hàn, ṣùgbọ́n tó bá jẹ́ lẹ́tà tàbí orúkọ èèyàn, odindi ọ̀sán kan ló máa ṣòfò, ìgbà tó bá lù ú ló máa rí i pé ohun tóun gbẹ́ kò ṣeé kà.

Abẹ wá dọ́wọ́. Ẹ fi sẹ́lótéèpù wé ìdajì ẹ̀ kó má baà gé yín. Ẹ má gbé e dúró gbọnrangandan lórí ilà, ẹ má sì jẹ́ kó yọ́ wọ abẹ́ ilà, ṣe ni kẹ́ ẹ dà á síta díẹ̀, kí ìdí ilà yẹn fẹ̀ ju orí ẹ̀ lọ. Ẹ wo bí ebè iṣu ṣe rí lóko, ìdí ẹ̀ fẹ̀, orí ẹ̀ tín-ín-rín, òjò máa rọ̀ sí i kò ní wó. Bó ṣe yẹ kí ilà òǹtẹ̀ yín rí nìyẹn. Èyí tẹ́ ẹ bá gbẹ́ wọ abẹ́ ẹ̀, tẹ́ ẹ bá lù ú bí ẹ̀ẹ̀marùn-ún ó máa tẹ̀, tó bá di ẹ̀ẹ̀mẹwàá ó ti já. Ẹ gbẹ́ ẹ jìn tó bíi mìlímítà 2 sí 3, kò gbọ́dọ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Tẹ́ ẹ bá dé ibi tó yí, bí etí ẹyọ yẹn, ẹ jẹ́ kí ọwọ́ tó mú abẹ dúró sójú kan, klínà ni kẹ́ ẹ máa yí. Èmi ò tètè mọ èyí, ìyá kan tó ń gbẹ́ igbá ló wò mí lọ́jọ́ kan, ó ní, "Ọmọ mi, igbá là ń yí, a kì í yí ọ̀bẹ." Láti ọjọ́ yẹn ni etí ẹyọ mi ti ń yí mọ́rẹ́n-mọ́rẹ́n. Kẹ́ ẹ tó gbẹ́ ẹ tán, ẹ fi yíǹkì sí i kẹ́ ẹ lù ú sórí pépà lásán, ibi tó bá kù díẹ̀ máa hàn, ẹ tún gé e. Ohun tẹ́ ẹ bá ti gé kúrò ò ṣeé lẹ̀ padà o, díẹ̀díẹ̀ ni.

Tó bá ti wù yín, ẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́ igi pẹlẹbẹ kan, kápẹ́ńtà ò ní gbowó èyí tó gé kù lọ́wọ́ yín.

Ẹni tó bá fẹ́ ju owó ẹyọ lọ, kó wo ara aṣọ olónà táwọn ìyá wa n'Íjẹ̀bú ń hun, ọ̀nì wà níbẹ̀, ọ̀pọ̀lọ́ wà níbẹ̀, àti pé nítorí pé òfì ni, ilà tó tọ́ ló pọ̀ lára àwọn àwòrán yẹn, ó rọ abẹ lọ́rùn ju òdòdó lọ. Tó bá tóbi ju klínà lọ, ẹ gé e lára sílípáàsì àtijọ́ tí abẹ́ ẹ̀ ṣì tẹ́jú.

Káàdì fúnra ẹ̀ báyìí. A4 jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 21 lọ́nà 29.7. Ẹ gé e sí méjì lágbèédéméjì ibi tó gùn, ẹ máa ní ègé méjì, ẹ wá ká ọ̀kọ̀ọ̀kan sí méjì, káàdì méjì tó jẹ́ 10.5 lọ́nà 14.8 lẹ ní yẹn, ó ṣe déédéé ọwọ́. Ṣùgbọ́n kẹ́ ẹ tó ká a, pépà ní iṣan bí igi ṣe ní i. Ẹ rọra tẹ̀ ẹ́ lápá kan, ẹ tún tẹ̀ ẹ́ lápá kejì, ibì kan máa gbà fún yín, ibì kejì máa lágídí. Ibi tó gbà yẹn ni iṣan ẹ̀ gbà lọ, tẹ́ ẹ bá ká a bá iṣan ẹ̀ lọ ó máa mọ́ tónítóní, tẹ́ ẹ bá ká a lòdì sí i ó máa yọ fùkẹ̀fùkẹ̀ bíi pé eku ló jẹ ẹ́. Ibí yìí ni bíró tí yíǹkì ẹ̀ ti tán ti wúlò: ẹ gbé rúlà lé àárín, ẹ fi ẹnu bíró yẹn fa ilà lẹ́ẹ̀méjì kó jìn sínú díẹ̀, kẹ́ ẹ tó ká a. Ojú tí mo fi ń wo aṣọ rírán náà ni mo fi ń wo èyí, ẹni tí ò bá fi áyọ́ọ̀nù tẹ ojú ìkápọ̀ kó tó rán an, ojú ẹ̀ kì í gún.

Ó kan lílù. Ẹ má ti òǹtẹ̀ bọnú páàdì bí ẹni fẹ́ rì í, páàdì ni kẹ́ ẹ gbé, kẹ́ ẹ máa fi kàn án pẹ́pẹ́pẹ́ títí gbogbo orí ẹ̀ fi máa rin. Ẹ tẹ́ ìwé ìròyìn bíi mẹ́rin sábẹ́ káàdì kí abẹ́ ẹ̀ rọ̀. Ẹ gbé òǹtẹ̀ lé e, ẹ tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ gbọingbọin, ẹ má mì í sọ́tùn-ún sósì, ẹ wá gbé e sókè lẹ́ẹ̀kan. Ẹyọ mẹ́fà, mo máa ń tò ó ní mẹ́ta mẹ́ta, tàbí kí n tò ó bíi pé okùn gba inú wọn kọjá, màá wá fi pẹ́ńnù fa okùn yẹn.

Tẹ́ ẹ bá fẹ́ kó dà bíi pé wọ́n kó ẹyọ jọ, tí ọ̀kan wà lẹ́yìn ìkejì, ọgbọ́n kan wà níbẹ̀ tí mo fẹ́ràn gan-an. Ẹ lu ẹyọ kan sórí pépà fẹ́lẹ́, ẹ fi sísọ́ọ̀sì gé e yípo etí ẹ̀ gẹ́lẹ́. Ẹ lu ẹyọ àkọ́kọ́ sórí káàdì, tó bá ti gbẹ, ẹ fi ègé pépà yẹn bò ó mọ́lẹ̀, ẹ wá lu ìkejì kó gun orí ẹ̀ díẹ̀. Tẹ́ ẹ bá ṣí pépà yẹn kúrò, ìkejì ti bọ́ sẹ́yìn àkọ́kọ́. Ẹ bò ìkejì náà, ẹ lu ìkẹta, bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ọmọ ọ̀dọ̀ mi kékeré tó ń kọ́ṣẹ́ pariwo lọ́jọ́ tó kọ́kọ́ rí i, ó ní ẹyọ yẹn ti yọ jáde.

Mo bẹ̀ yín, ẹ jẹ́ kó gbẹ. Ẹni kan ní kí n bá òun ṣe 40 fún ìgbéyàwó ọmọ ẹ̀, ọjọ́ Jímọ̀ ni mo lù ú tán, òjò ti rọ̀ látàárọ̀, ooru àti ọ̀rinrin nínú ṣọ́ọ̀bù, mo fọwọ́ kan méjì mẹ́ta, mo rò pé wọ́n ti gbẹ, mo kó gbogbo ẹ̀ lérí ara wọn, mo wé e sínú láílọ́ọ̀nù. Nígbà tí mo ṣí i ní àárọ̀ Sátidé, ẹyọ ti wà lẹ́yìn káàdì náà, ó tún ti wà níwájú ìkejì, 27 ló bàjẹ́ nínú ẹ̀. Mo jókòó ti abẹ àti yíǹkì láti aago mẹ́fà àárọ̀, inú mi bàjẹ́ gan-an torí ìyá ìyàwó ti ń bọ̀ wá gbé e. Látìgbà yẹn, mo máa ń ta okùn sí ìgbátí ṣọ́ọ̀bù, màá fi pẹ́ẹ̀gì aṣọ so wọ́n kọ́ lọ́kọ̀ọ̀kan, ó di ọjọ́ kejì kí n tó kó o, tó bá jẹ́ ìgbà ọyẹ́ ni, wákàtí kan ti tó.

Ọ̀rọ̀ lẹ́tà ńkọ́. Àwọn òǹtẹ̀ lẹ́tà tí wọ́n ń tà nínú páálí, A dé Z ti òyìnbó ni, kò sí ẹ, kò sí ọ, kò sí ṣ níbẹ̀. Àwọn èèyàn á wá lù ú bẹ́ẹ̀, E KU ODUN, wọ́n á ní ó ti yé wa. Kò tẹ́ mi lọ́rùn. Èdè wa ni, káàdì táa fọwọ́ ara wa ṣe sì ni, ta ló ń lé wa? Ìdí igi ìṣáná ni mo ń lò, ìdí ẹ̀ tí ò ní imí ọjọ́, màá fi kan páàdì, màá fi tọ́ ọ sábẹ́ lẹ́tà, àmì kékeré onígun mẹ́rin máa jókòó síbẹ̀ bíi pé ibẹ̀ ni wọ́n bí i sí. Ẹ̀gbẹ́ igi ìṣáná yẹn kan náà, tẹ́ ẹ bá gé e kúkúrú, àmì ohùn lẹ máa fi ṣe, ẹ dà á sọ́tùn-ún fún ti òkè, ẹ dà á sósì fún ti ìsàlẹ̀. Ẹni tó gbẹ́ ọ̀wọ̀ sórí káàdì àgbà, tó wá di òwò nítorí àmì, kò kí àgbà náà.

Ègé aṣọ ló kù tí mo fi ń ṣe é lọ́ṣọ̀ọ́, torí aránṣọ ni mí, ègé kì í wọ́n mi. Ọjọ́ kẹta Ìléyá tí gbogbo rẹ́gbẹ́rẹ́gbẹ́, àwọn ẹgbẹ́ ojúgbà, bá ń múra Ojúde Ọba, aṣọ tí mo bá bá ẹgbẹ́ kan rán, ègé ẹ̀ náà ni mo ń lẹ̀ mọ́ káàdì tí mo fi ń kí wọn. Ẹ fi gọ́ọ̀mù tín-ín-rín pa ẹ̀yìn aṣọ náà, ẹ jẹ́ kó gbẹ pátá kẹ́ ẹ tó gé e, etí ẹ̀ ò ní tú fọ́nrán mọ́. Tí gọ́ọ̀mù bá ti ní omi jù, káàdì máa ká kò, ẹ fi ìwé wúwo tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ mọ́jú. Màmá kan fi tiẹ̀ há ara dígí yàrá ẹ̀, mo débẹ̀ lọ́dún tó tẹ̀ lé e, ó ṣì wà níbẹ̀.

Ẹni tó bá fẹ́ kí ẹyọ yọ gọngọ kó máa dán, ìyẹfun kan wà tí wọ́n ń pè ní embossing powder, ó máa ń yọ́ bí iná bá rà á. Kẹ́ ẹ tó lu òǹtẹ̀, ẹ fi pọ́dà ọmọdé díẹ̀ nu káàdì, kí ìyẹfun yẹn má lẹ̀ mọ́ ibi tẹ́ ò fẹ́. Yíǹkì tí kì í tètè gbẹ, pigment, ni kẹ́ ẹ lò fún un, ti ọ́fíìsì máa gbẹ kẹ́ ẹ tó da ìyẹfun. Ẹ da ìyẹfun lé e, ẹ gbọn èyí tó kù padà sínú ike ẹ̀, ẹ wá di káàdì mú lókè áyọ́ọ̀nù tó ti gbóná, kí ẹ̀yìn káàdì kọjú sí iná. Ẹ máa rí i tó máa yọ́ lójú yín, tó máa bẹ̀rẹ̀ sí í dán láti ẹ̀gbẹ́ kan lọ sí ìkejì, ẹ gbé e kúrò lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń gbẹ irun ò ṣiṣẹ́ fún èyí, afẹ́fẹ́ ẹ̀ máa fẹ́ ìyẹfun lọ ni, kò sì gbóná tó.

Tẹ́ ẹ bá ṣe tán, ẹ fi àkísà tútù nu òǹtẹ̀, ẹ má fi kẹrosíìnì tàbí pẹtiróòlù fọ̀ ọ́ láéláé, pàápàá tó bá jẹ́ òǹtẹ̀ rọ́bà gidi, ó máa wú, àwòrán ẹ̀ máa yí. Rọ́bà tí wọ́n ń gbà lára igi, kó tó lè le kó sì má lẹ̀ mọ́wọ́, imí ọjọ́ ni wọ́n máa ń pò mọ́ ọn tí wọ́n á fi sí iná, Charles Goodyear ló gba ìwé ẹ̀tọ́ ọgbọ́n yẹn ní Amẹ́ríkà ní 1844, síbẹ̀ oòrùn ṣì ń pa á, ó máa sán wẹ́wẹ́. Ẹ tọ́jú ẹ̀ síbi tó ṣókùnkùn. Klínà ní tiẹ̀, ẹ má jẹ́ kó fara kan rúlà oníke, wọ́n máa lẹ̀ mọ́ra wọn.

Ó ku ẹ́ńfílọ́ọ̀pù. Ẹ gé A4 kó di 21 lọ́nà 21. Ẹ gbé káàdì sí àárín ẹ̀, kí igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin pépà yọ lókè, nísàlẹ̀, lọ́tùn-ún, lósì. Ẹ ká tọ̀tún àti tòsì wọlé, ẹnu wọn máa fẹ́rẹ̀ẹ́ pàdé láàárín, ẹ ká tìsàlẹ̀ bò wọ́n, ẹ lẹ̀ ẹ́, tòkè ni ẹ máa fi dé e. Ẹ fi àyè mìlímítà méjì sílẹ̀ yípo kó má baà há.

Èmi, kí n tó dé e, òǹtẹ̀ kejì wà tí mo gbẹ́, ẹ̀gbẹ́ ẹyọ ló wà lára ẹ̀, ó dà bí ààbọ̀ òṣùpá, ibi tó tẹ́jú tó léyín lojú ẹ̀, ibi tó yọ lẹ́yìn ẹ̀. Màá lu ọ̀kan sí ẹnu ibi tí wọ́n ti ń ṣí i, màá yí òǹtẹ̀ náà po, màá lu ìkejì sí ìsàlẹ̀ ẹ̀. Ẹ wò ó dáadáa kẹ́ ẹ tó tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, eyín ni kó kọjú sí eyín.